Ta Ló Yí Ojú Bàbá Tíṣà Padà?

"Wọ́n ti yí ojú bàbá padà," ni Màmá Keziah ń wí. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè. Kí ni bàbá fi ṣe wọ́n?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ Tẹjúmádé Ọ̀pádọ̀tun wo ibi tí ìyá arúgbó náà nawọ́ sí, kò rí ojú kankan níbẹ̀. Òdòdó ló rí. Òdòdó kékeré aláwọ̀ ìyeyè ni, ó rá mọ́lẹ̀, ó tẹ́ bí ẹní, kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ewé rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo koríko yòókù ní Hwolshe, àdúgbò wọn ní Jos, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ó gùn níwọ̀n ibi tí èèyàn kan lè sùn sí. Àgbélébùú pákó kan dúró níbi orí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ wáyà tó pààlà láàárín ilé náà àti ilé aládùúgbò. Abẹ́ òdòdó yìí ni wọ́n ní Bàbá Isaiah Ọláṣùmbọ̀ wà, ọkọ Màmá, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tíṣà tí ìjọba gbé wá sí Plateau láyé ọjọ́un, tí kò sì padà sílé mọ́ títí ó fi kú.

Ẹni tó mú ẹjọ́ wá sí tésàn ni Tósìn, àbíkẹ́yìn Màmá, tó ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Àbújá. Ó gbọ́ pé Julius ẹ̀gbọ́n òun ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀, pé láàárọ̀ ọ̀la ni wọn yóò gbé Màmá lọ sí Ìkẹ́rẹ́, sọ́dọ̀ ìbátan kan tí Màmá kò fojú kàn láti ìgbà èwe rẹ̀, nítorí wọ́n ní orí Màmá ti dàrú. Ọ̀gá Tẹjúmádé ní tésàn fi ẹjọ́ náà ṣe ẹ̀rín. Ó ní láti ìgbà wo ni ọlọ́pàá ti ń ṣọ́ òdòdó? Ẹ̀rín yẹn gan-an ló bí Tẹjúmádé nínú tó fi wọ bàtà rẹ̀ jáde. Pákó ni bàbá tirẹ̀ tà ní ọjà Katako títí ó fi darúgbó, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, gbogbo Katako ló sì mọ̀ pé inú ọmọbìnrin yẹn kì í pẹ́ bí. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé bí inú rẹ̀ bá ṣe ń gbóná tó ni ọpọlọ rẹ̀ ń tutù tó.

Julius gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó gbé àga, ó gbé omi, ó pè é ní Màdáámù, ó tún pè é ní Àǹtí. Ó ní kí wọ́n má dá Tósìn lóhùn, ẹni tó jẹ́ pé Kérésì sí Kérésì ló ń wálé, kí ló mọ̀? Òun lòun ń bá Màmá gbé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lójú ìyá rẹ̀. Ó ní Màmá gbé ẹ̀wà kaná, ó gbàgbé rẹ̀ títí ó fi jóná. Ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe Tósìn. Láràárọ̀ ló ń jókòó ti òdòdó, tó ń sunkún pé wọ́n ti yí bàbá padà. Màmá wà níbẹ̀ o, ó ń fi ìka fa etí ìró rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

Tẹjúmádé ti rí olè, ó ti rí apànìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ìyá rẹ̀ di wèrè lójú ìyá náà, tó tún ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àlejò, irú wọn máa ń ká a lára ju olè lọ. Ó gbé e mì ná. Ó béèrè ibi tí sàréè wà tẹ́lẹ̀.

"Ibẹ̀ náà ni," ni Julius wí. "Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá."

Tósìn ní òun kò rò pé ó súnmọ́ wáyà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè nawọ́ síbi tó wà. Ọmọdé ni nígbà ìsìnkú náà. Ohun tó rántí ni igi gúáfà kan àti ògiri ilé ìdáná, pé ààrin méjèèjì ni òdòdó wà. Gúáfà dà? Julius ti gé e. Ilé ìdáná ńkọ́? Ó wó o lẹ́yìn Kérésì, ó ní ó ti gbó. Nínú gbogbo fọ́tò tó wà, ògiri ilé ìdáná yẹn náà ló wà lẹ́yìn òdòdó, ògiri ọ̀hún sì ti di àkúfọ́ búlọ́ọ̀kù. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ti kìlọ̀ nígbà ayé rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ da sìmẹ́ńtì lé òun lórí. Ó ní òdòdó tí òun gbìn yí ká kíláàsì ní ilé ìwé, tí kò jẹ́ kí àgbàrá gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé, òun náà ni kí wọ́n fi bo òun.

Tẹjúmádé bẹ̀rẹ̀, ó di etí òdòdó náà mú, ó fà á. Kò já. Ṣe ló ká sókè bí ẹní, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Irú ewéko tó ń rá báyìí, gbogbo oríkèé rẹ̀ ló máa ń ta gbòǹgbò. Èyí tó bá ti wà lójú kan fún ohun tó lé lógún ọdún, ọkọ́ ló yẹ kó kọ̀, ká má tíì sọ ọwọ́ obìnrin kan.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ èyí síbí ni," ni Tẹjúmádé wí.

Julius kò ṣẹ́jú. Ó ní òótọ́ ni, wọ́n hú u kúrò, òun ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ padà sí àyè rẹ̀. Ta ló hú u? Ó fi àgbọ̀n júwe ilé kejì. Ó ní kí wọ́n lọ bi Andrew. Ó ní ọ̀gbẹ́ni yẹn ń fẹ́ fa wáyà wọ inú ilẹ̀ wọn, sàréè bàbá ló sì ń dí i lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ yẹn dún bí òótọ́, Tẹjúmádé sì gbé ìbínú rẹ̀ kọjá sí ilé kejì. Ànàmọ́ òyìnbó ni Andrew gbìn sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ebè rẹ̀ gún régé títí dé ẹsẹ̀ wáyà. Ohun tí ojú Tẹjúmádé kọ́kọ́ bà ni òkìtì òdòdó aláwọ̀ ìyeyè lẹ́bàá ògiri, tí ọkọ́ kan wà lórí rẹ̀, tí ewé òdòdó náà ṣì lẹ̀ mọ́ ojú ọkọ́. Ó sọ lọ́kàn pé ọwọ́ tẹ Andrew nìyẹn.

Ó fi Hausa da ìbéèrè bo ọkùnrin náà. Andrew ní sùúrù títí, nígbà tó yá òun náà gbaná jẹ. Haba! Ó ní abúlé òun lẹ́bàá Mangu lòun lọ gbin àgbàdo, ìgbà tí òun dé ni òun bá ègé òdòdó yìí tí wọ́n jù sórí ebè òun káàkiri. Òun fi ọkọ́ kó o jọ, nítorí nǹkan yẹn, bó bá ti fojú kan ilẹ̀, kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Òun fẹ́ lọ kí Màmá, kí òun fi ẹjọ́ sùn ún, Julius pàdé òun lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí òun má bínú, pé ara ìyá òun kò yá.

"Ọdún mélòó lo ti ń bá òdòdó yìí jà?" ni Tẹjúmádé bi í.

Andrew wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ Hausa mọ́. "Ọdún wo? Mi ò rí i lọ́dọ̀ mi rí, àfi ìgbà yìí."

Tẹjúmádé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ní ìhà ti Andrew, ó gba ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀mùnú díẹ̀ ti yọrí gba ojú wáyà wọlé, ó rọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́. Kò sí gbòǹgbò àtijọ́ kankan. Ó wo òdìkejì: láàárín òdòdó àti wáyà, ọ̀bẹ kò ráyè kọjá, débi tí ẹnì kan yóò ti máa gé etí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé ohun tó ń rá tọ̀sán-tòru ni yóò wà lẹ́sẹ̀ wáyà fún ogún ọdún ó lé, tí kò ní wọ oko ànàmọ́ lọ́jọ́ kan? Ìbá ti gba oko yẹn lọ́wọ́ Andrew kí Andrew tó fẹ́ ìyàwó.

Ó bẹ Andrew pé kó má bínú. Ó padà sínú ilé àwọn Ọláṣùmbọ̀, ìbínú rẹ̀ sì bá a padà, ó mọ ẹni tó ń wá wàyí.

Ìgbà yìí ló rí àwọn èèkàn tó ti rò tẹ́lẹ̀ pé èèkàn ewúrẹ́ ni. Wọ́n kun orí wọn ní ọ̀dà pupa, wọ́n tò lọ tààrà láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì fi òdòdó sílẹ̀ nìkan ní gbalasa tóóró tó wà lẹ́sẹ̀ wáyà. Ó bi Julius ohun tí wọ́n wà fún. Julius ní òun fẹ́ gbin òdòdó sí i ni. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó gé gúáfà, tó wó ilé ìdáná, òun náà ló ti wá di olùfẹ́ òdòdó.

Ọ̀rọ̀ wá yé Tẹjúmádé yékéyéké: èèkàn ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni, Julius fẹ́ ta ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ tí bàbá ẹni sùn sí kì í ṣe títà, Màmá kò sì jẹ́ gbà láéláé. Ẹni tó fẹ́ rà á náà, gbogbo Jos, ta ni yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí sàréè? Julius bá wá ọgbọ́n. Kò lè gbé bàbá, ó gbé òdòdó. Ó ká aṣọ tó bo bàbá rẹ̀ lára, ó lọ tẹ́ ẹ sí kọ̀rọ̀, ó ri àgbélébùú mọ́ ọn, ó da èyí tó ṣẹ́ kù sórí ebè Andrew, kí wọ́n lè gbẹ́ ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lórí egungun ẹni tó bí i. Ìyá rẹ̀ tó mọ̀, òun ló ń pè ní wèrè, nítorí kò sẹ́ni tó ń gba ẹ̀rí wèrè gbọ́.

Àmọ́ ta ni yóò bá Tẹjúmádé gbà á? Níbo ni bàbá wà gan-an? Wọ́n ti gbá àgbàlá náà mọ́, kùkùté gúáfà pàápàá kò sí mọ́, ó lọ gbalasa. Kò lè kó ọkọ́ bo gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá sì mọ́, wọ́n á gbé Màmá sínú mọ́tò, ó parí.

Ó fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó ti Màmá. Kò bi í níbi tí sàréè wà, gbogbo ayé ti bi í, ìdààmú ọkàn ni ìbéèrè yẹn sì ń kó bá a. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ló bi í.

"Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n ti yí ojú wọn padà?"

Ìyá náà gbójú sókè. Ó wò ó pẹ́, bóyá ẹ̀rín ni wọ́n tún fẹ́ fi òun rín.

"Oòrùn," ló wí. "Láràárọ̀, bí mo bá ti gbàdúrà tán, mo máa ń gbé àpótí mi lọ síbi ẹsẹ̀ bàbá, mo máa ń kọjú sí i. Ẹ̀yìn ni oòrùn ti máa ń rà mí. Ó máa ń yá mi lẹ́yìn, ìrora a fi mí sílẹ̀. Báyìí, bí mo bá jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, etí ọ̀tún ni oòrùn ń bà mí. Ẹ̀yìn mi tutù." Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. "Mo sọ fún Julius. Ó ní oòrùn kì í yí padà, pé orí mi ló yí."

Tẹjúmádé wo oòrùn, ó wo wáyà. Ní Jos yìí, ẹni tí kò bá tíì débi ìsìnkú ẹlẹ́sìn méjèèjì kò tíì dàgbà. Òun ti dúró létí sàréè àwọn mùsùlùmí, ó ti dúró létí ti àwọn kìrìsìtẹ́nì, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ òkú oníkálukú. Bàbá Isaiah ló máa ń wàásù nínú ìjọ nígbà tí àlùfáà kò bá sí. Irú wọn, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n máa ń gbé orí wọn sí, ẹsẹ̀ a wà ní ìlà-oòrùn, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí ìpè bá dún, bí wọ́n bá dìde, ìlà-oòrùn ni wọ́n máa kọjú sí. Ṣùgbọ́n wáyà tó wà níbẹ̀ yìí, láti gúúsù ló ti lọ sí àríwá. Òdòdó tó lẹ̀ mọ́ ọn náà, láti gúúsù sí àríwá ni.

Ó dìde. Ó pe Julius, ó pe Tósìn, ó ní kí Andrew náà fò wá kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ní kí Julius dúró síbi àgbélébùú, kí ó na ọwọ́ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Julius na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dábùú òdòdó náà.

"Ẹ̀yin lẹ gbé orí pósí lọ́jọ́ ìsìnkú, àbí ẹ̀yin kọ́?" ni Tẹjúmádé wí. "Ta ló wá tẹ́ bàbá yín ní ìbú?"

Tósìn fi ọwọ́ bo ẹnu. Julius rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́, pé àwọn tó gbẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà lè máà kọbi ara sí irú ìyẹn. Ó ní ṣé nítorí oòrùn ni wọ́n ṣe fẹ́ dójú ti òun?

Tẹjúmádé ti kúrò níbẹ̀. Òdòdó tí òjò kan tàbí méjì ti rọ̀ sí, tó sì jẹ́ pé gbogbo oríkèé rẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò, ta ni yóò hú u tán? Ègé kan á ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀. Bí ègé bá ṣẹ́ kù, yóò hù. Kí ló dé tí kò sí èyí tó hù ní gbogbo àgbàlá? Àfi bí wọ́n bá gbé nǹkan lé e lórí. Nǹkan kan ṣoṣo ló sì wà nílẹ̀ náà: òkìtì páànù ògbólógbòó tí wọ́n tú lórí ilé ìdáná, tí wọ́n tò sí àárín àgbàlá bí ẹni pé kò síbòmíì tí wọ́n lè tò ó sí. Ó súnmọ́ ọn. Ewé kékeré kan yọjú lábẹ́ etí páànù ìsàlẹ̀.

"Ẹ gbé páànù yẹn kúrò."

Julius sáré wá dènà. Ó ní ejò wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ mú ìwé wá láti kóòtù. Ibẹ̀ ni Tẹjúmádé ti yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu rẹ̀, òun tó jẹ́ àbúrò fún un lọ́jọ́ orí.

"Ìwọ Julius, kúrò lọ́nà."

Andrew àti Tósìn ló gbé páànù, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀mùnú ló kún ilẹ̀ níbẹ̀, láàárín àkúfọ́ búlọ́ọ̀kù ilé ìdáná, ó funfun báláú nítorí kò rí oòrùn, ó tín-ín-rín, gbogbo rẹ̀ ló ń na ọrùn síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Níbi tó hù dé, ó hù pọ̀. Níbi tó dúró, ó dúró, nítorí ọwọ́ Màmá ló ti ń gé etí rẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá, kò jẹ́ kó kọjá àyè bàbá rí. Ó gùn níwọ̀n ibi tí èèyàn kan lè sùn sí. Láti ìwọ̀-oòrùn ló ti lọ sí ìlà-oòrùn. Lẹ́bàá etí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kàn án, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kan ti là.

"Bọ̀dá Julius," ni Tósìn wí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, Hausa ló jáde, Hausa náà sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bú sẹ́kún.

Julius kò wo ilẹ̀ náà. Ó jẹ́wọ́, ó ń jẹ́wọ́ ó ń gbèjà ara rẹ̀, ó ní ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti ń pe òun láàárọ̀ lálẹ́, pé ilẹ̀ kàn wà lásán ni, pé òkú kò mọ ohun tó ń lọ. Nígbà tí Tẹjúmádé di apá rẹ̀ mú pé ó di tésàn, ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Gbogbo wọn dúró. Wọ́n mọ ohun tó kù. Ìyá ni ìyá, bí ọmọ bá ti dójú bolẹ̀ báyìí, ìyá á kúnlẹ̀ fún ọlọ́pàá, á ní ẹ dákun, iṣẹ́ èṣù ni. Tẹjúmádé pàápàá ti ń múra ohun tí yóò fi dá a lóhùn.

Màmá Keziah kò kúnlẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí Tósìn bá a gbé e. Ó rìn lọ sí ìlà-oòrùn àwọn ọ̀mùnú náà, síbi ẹsẹ̀ bàbá, ó gbé e kalẹ̀, ó jókòó.

"Julius, o ní orí mi ti dàrú," ló wí. "Mo gbà ọ́ gbọ́. Láràárọ̀ ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá iyè mi padà fún mi. Iyè mi sì wà níbí, ìwọ lo to páànù lé e."

Ó wo Tẹjúmádé. "Ẹ máa mú un lọ."

Ọjọ́ ti yí sí ìwọ̀-oòrùn nígbà náà, oòrùn sì ń wọ̀ ọ́ lójú. Kò fi ọwọ́ bò ó. Ó tẹ̀ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àkúfọ́ búlọ́ọ̀kù kúrò lára bàbá.